Bọ́tìnnì tí Àna Kò Gbọdọ̀ Tẹ̀

Títí di òní, bí mo bá rí ọ̀rọ̀ yẹn lójú kọ̀ǹpútà, màá kọ́kọ́ bínú kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Accès refusé. Ọ̀rọ̀ Faransé méjì péré, tó ń sọ pé wọn kò gbà ọ́ láyè. Kò sọ ẹni tí kò gbà ọ́ láyè, kò sọ ohun tí o ṣe, kò sì sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí o lè lọ bẹ̀. Ní ọdún 1998, ní Savalou, ní orílẹ̀-èdè Benin, mo jókòó síwájú ọ̀rọ̀ méjì yìí títí mo fi ń rí wọn lójú àlá, bẹ́ẹ̀ ìwé tí ìyá mi ń retí wà lẹ́yìn wọn.

Bantè ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn àgbàlagbà ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Ica, èdè wa. Ica sún mọ́ Yorùbá tí mo fi ń kọ ìtàn yìí dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó bá sì sọ lójú Bàbá Olùkọ́ pé ọ̀kan náà ni, ó dáràn. Bàbá Olùkọ́ ni olórí wa. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ga, ó tínrín, kì í sì í ṣí fìlà kódà nígbà tí ooru bá ń pa gbogbo wa. Òun ló dá a lábàá pé kí ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa kà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn fúnra wọn: kí oníkálùkù sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí i, kí a gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, kí òun tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ewé tirẹ̀.

Ìyá mi wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Èmi ni mo di ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mú nígbà tó ń sọ tirẹ̀. Ó sọ bó ṣe fẹsẹ̀ rìn láti Akpassi wá sí Bantè lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá sílé ọkọ, tòun ti ẹrù lórí, àti bó ṣe jókòó sábẹ́ igi òrí kan lójú ọ̀nà nígbà tí kò rí òrùlé ilé bàbá rẹ̀ mọ́, tó sunkún níbẹ̀ títí àwọn tó ń mú un bọ̀ fi bínú. Kò sí ẹni tó ti gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí nínú àwa ọmọ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó béèrè lọ́wọ́ Bàbá Olùkọ́ bóyá lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí máa wà nínú ìwé, tí òun á sì fi ojú ara òun kà á. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ojú ara rẹ̀ gan-an ni wàhálà. Ojú òsì ti kú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún mi ní Faransé, kí ìyá má baà gbọ́, pé ojú ọ̀tún náà ń lọ, láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín, kò sì sí oògùn tó máa dá ohun tó ti lọ padà. Ó ní kó má jáfara nípa ohunkóhun tó bá fẹ́ rí. Ìyá mi kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó wo ojú mi, ó ní, "Ó ti tó, má túmọ̀ rẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń béèrè ìwé náà.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí a kò tẹ ojú ewé kan ṣoṣo yẹn jáde fún un. Ẹ bi Bàbá Olùkọ́. Ìwé kan ti wà ṣáájú èyí, tó fi ránṣẹ́ sí Cotonou kí wọ́n bá wa tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan níbẹ̀, tó gbọ́ Yorùbá orí rédíò Nàìjíríà, rò pé àṣìṣe ló kún inú rẹ̀, ó sì bá wa tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ìwé dé Bantè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kà á, wọ́n ń bi ara wọn pé ọ̀rọ̀ ará ibo nìyí. Bàbá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, ó tì í, ó sì sọ àpótí náà di àga tó ń jókòó lé. Látìgbà náà, kò jẹ́ kí a tẹ ojú ewé kankan jáde kí iṣẹ́ tó parí, kò jẹ́ kí a da ọ̀kankan kọ síbòmíràn, kásẹ́ẹ̀tì kan náà la sì ń lò léraléra, tí ohùn ẹnìkejì ń pa ti ẹni àkọ́kọ́ rẹ́. Ó tún ní kí ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà wá fún wa bá òun ti àwọn fáìlì náà pa, kó jẹ́ pé òun nìkan ló lè ṣí wọn. Irú Windows tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀, fáìlì kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tó ni ín. Èmi tí wọ́n ń pè ní igbákejì rẹ̀, ìwé ìpè sí ìpàdé nìkan ni mo lè tẹ̀ níbẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ dá wa lóró. Ilé ẹ̀kọ́ wa kò ní iná mìíràn ju tirẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ó ké bí ẹran tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, gílóòbù mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kọ̀ǹpútà sì rú èéfín. Bàbá Olùkọ́ dìde, ó tún jókòó. Ó ní, "Gbogbo wọn ló wà nínú ẹ̀."

Nínú kọ̀ǹpútà, irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní dísíkì, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí a bá kọ ń gbé. A yọ ọ́. Mo fi gèlè mi wé e, mo wọ takisí lọ sí Savalou, eruku pupa bò mí títí mo fi jọ iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Nígbà tí mo débẹ̀, mo gun sẹ́míjàn, bí a ti ń pe alùpùpù tó ń gbé èrò, mo ń bẹ ọmọkùnrin tó wà á pé kó yẹra fún kòtò. Ó bi mí pé ṣé ẹyin ni mo gbé ni. Mo ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkùnrin tí mo lọ bá ń tún rédíò àti kọ̀ǹpútà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ọjà. Ará Mahi ni, ọmọ Savalou pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè wa nítorí pé ọmọ Bàbá Olùkọ́ ló fẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí inú mi dùn nígbà tí mo ń lọ, torí mo rò pé ẹni tó jẹ́ àna Bàbá kò ní fi wá falẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo ń sọ.

Ó so dísíkì wa mọ́ tuntun kan, ó ní òun máa da gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, láì fi nǹkan kan sílẹ̀. Dísíkì náà ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe parí ni ó dákẹ́, kò sì tún dún mọ́ láéláé. Kò kàn wá mọ́, ohun gbogbo ti wà lórí tuntun. Ó fi tuntun náà sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ṣí i, mo sì rí gbogbo wọn, orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ìyá mi láàárín wọn. Mo pariwo ayọ̀. Obìnrin tó ń ta gààrí níwájú ṣọ́ọ̀bù yọjú wò wá. Mo ní kó ṣí ti ìyá mi.

Accès refusé.

Ó ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, ìdáhùn kan náà. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ó tún ṣí i. Mo lè rí orúkọ ìyá mi níbẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ kàn án, irin lásánlàsàn sì ń sọ fún mi pé n kò láṣẹ. Ọ̀gbẹ́ni náà họ orí. Ó ní títì tí Bàbá ti àwọn fáìlì náà pa ti bá wọn wá sórí dísíkì tuntun, kọ̀ǹpútà tòun kò sì mọ Bàbá rí. Ó ní kí n lọ gba orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí Bàbá fi ń wọlé wá.

Mo padà sí Bantè. Bàbá mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ ọ̀rọ̀ náà sí mi létí, ó sì mú kí n búra pé bí mo bá ti lò ó tán, màá gbàgbé rẹ̀. Mo tún jẹ eruku lọ sí Savalou. Àna rẹ̀ dá ẹni tuntun sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó fi orúkọ Bàbá sọ ọ́, ó fún un ní ọ̀rọ̀ àṣírí Bàbá. Nílé wa, bí bàbá àgbà bá kú, tí wọ́n sì bí ọmọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀, a ó ní bàbá ló padà dé. Ọmọ ọwọ́ ni, àmọ́ àwọn ọmọ bàbá àgbà á máa pè é ní bàbá, wọ́n á máa fi àga rẹ̀ hàn án, kò sí ẹni tó máa ní kó mú ẹ̀rí wá. Ohun tí èmi àti ọmọ Mahi yìí ṣe nìyẹn. A bí Bàbá Olùkọ́ sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kejì, a sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń retí kí wọ́n gbé ohun ìní rẹ̀ fún un. Ó dá àwa méjèèjì lójú. Kọ̀ǹpútà gba orúkọ náà, ó kí Bàbá káàbọ̀. A tẹ fáìlì. Accès refusé. Nígbà tó yá ló ṣàlàyé fún mi pé nọ́ńbà kan wà tí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ ti fún Bàbá ní ìkọ̀kọ̀, nọ́ńbà yẹn ni fáìlì mọ̀, kò mọ orúkọ. Mo ní ta ló ń fi nọ́ńbà dá àgbàlagbà mọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá mi jà, kì í ṣe èmi ni mo ṣe é."

Gbogbo ìgbà tí mo bá padà sílé, ìyá mi á ti gbọ́ ìró ọkọ̀, á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n ti gbà yín láyè?" Màá ní ó kù díẹ̀. Mo sọ fún un pé kó tún ìtàn náà sọ fún mi, kí n fi gègé dúdú kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí, kó sì kà á lónìí. Ó ní, "Kí n wá máa ka ohun tí ọmọ mi fọwọ́ kọ, bíi pé ẹ̀ ń tàn mí? Ìwé ni mo ní mo fẹ́, èyí tí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wà nínú ẹ̀." Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó bu omi fún mi láti inú àmù, ó dà á sí ẹ̀gbẹ́ ife. Mo rí i. Òun náà mọ̀ pé mo rí i. Mo gba ife náà, mo fi sẹ́nu, mo ṣe bí ẹni tó mu omi.

Ní Savalou, ọ̀gbẹ́ni náà ń gbìyànjú, tàbí bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Ó tún da dísíkì tuntun náà kọ sórí òmíràn, ó pààrọ̀ wáyà, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́la, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́tunla. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé kó tó retí mi. Fèrèsé kékeré kan wà lójú kọ̀ǹpútà tí n kò rí rí, bọ́tìnnì kan sì wà nínú rẹ̀: Prendre possession. Gbà á, kó di tìẹ. Bó ṣe gbúròó mi, kíá ló pa á.

Mo ní, "Kí nìyẹn?"

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan."

Mo ní kó tún un ṣí. Ó ṣí i. Mo bi í bóyá ohun tó máa ṣí fáìlì wa nìyẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀. Ó ní ó ti tó ọjọ́ mélòó kan, òun tẹ ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́ láago ní Cotonou, ìyẹn ló júwe rẹ̀ fún òun.

"Kí ló wá dé tí o kò tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka ohun tó wà lára ẹ̀. Mo ti gba ọmọ wọn. Ṣé kí n tún gba ìwé wọn? Kí n jókòó síbí, kí n tẹ̀ ẹ́ pé ohun tí àna mi ni ti di tèmi? Ojú wo ni mo máa fi wò wọ́n? Ìyàwó mi ńkọ́?"

Mo ní kó dìde, kí n tẹ̀ ẹ́. Ó fọwọ́ bo eku kọ̀ǹpútà náà. Ó ní èmi tàbí òun, orúkọ òun tó ni kọ̀ǹpútà ló máa kọ síbẹ̀, àfi bí Bàbá bá fi orúkọ tirẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi kí n lọ mú Bàbá wá, ó ní ṣé kí òun wá máa ránṣẹ́ pe bàbá ìyàwó òun wá sí ṣọ́ọ̀bù ni? Àfi bíi pé wọ́n da ata sí mi lójú. Mo pariwo débi pé obìnrin elégààrí náà fi igbá rẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé. Mo ní, "Ìyá mi ń fọ́jú lọ níbẹ̀, ìwọ ń ṣe àna fún mi!" Mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí n kò ní kọ síbí. Kò bá mi jà. Ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ mú wọn wá. Bó bá jẹ́ ọwọ́ wọn ló tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ tán."

Mo mú wọn wá. Àna dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín wáyà àti rédíò tó ti tú, Bàbá ní kó dìde, kò dìde títí Bàbá fi jókòó. Bàbá ka bọ́tìnnì náà sókè pẹ̀lú Faransé tíṣà, ó tún un kà.

"Kí n gba ohun tí mo ní?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín, Bàbá. Màṣíìnì ni kò mọ̀."

Bàbá bú màṣíìnì náà ní Ica, ó bú u ní Mahi, ó parí rẹ̀ sí Faransé. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ lé eku. Eku náà kò mọ́ ọn lọ́wọ́, àna rẹ̀ kò sì lè di ọwọ́ àna mú, ẹnu ló fi ń tọ́ ọ sọ́nà: ẹ bọ̀ lápá òsì, Bàbá, ẹ rọra, ẹ ti kọjá rẹ̀. Ọfà kékeré náà ń rìn kiri ojú kọ̀ǹpútà bí ewúrẹ́ tó já. Ó wá dúró lórí bọ́tìnnì, Bàbá tẹ̀ ẹ́, àna rẹ̀ júwe èyí tó kù, tó máa ṣí títì náà kúrò, ó sì tẹ ìyẹn náà. Kọ̀ǹpútà ń ka fáìlì lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ìyá mi ṣí.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí a tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi bó bá ṣe lè tóbi tó. Bí bébà ṣe ń jáde ni mo ń kà á. Mo dé abẹ́ igi òrí. "Mo jókòó, mo sinmi." Mo ní, "Bàbá, ìyá mi kò sọ pé òun sinmi. Ó ní òun sunkún. Èmi ni mo di ẹ̀rọ mú." Ó ní òun mọ̀. Ó ní ẹkún àgbàlagbà obìnrin kò yẹ ìwé ilé ẹ̀kọ́, òun kàn tún un ṣe díẹ̀ ni. Ẹni tó jókòó lé odindi àpótí ìwé nítorí pé wọ́n tún un ṣe! Agbára ìjà mi ti tán.

Bàbá bá mi lọ sílé. Oòrùn ṣì wà. Ìyá mi fọ ọwọ́, ó nù ún, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Ó gbé bébà sún mọ́ ojú ọ̀tún, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na ìka bí a ṣe kọ́ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kàwé ní kíláàsì. Ó jáde ní Akpassi. Ó gbé ẹrù. Ó rìn. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí òrùlé bàbá rẹ̀ mọ́, ó dé abẹ́ igi òrí.

"Mo jókòó," ó ní, "mo sunkún."

Mo wo ìka rẹ̀. Ìsàlẹ̀ bébà ló wà, níbi funfun tí a kò kọ nǹkan kan sí.

Bàbá Olùkọ́ ti gbé ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bó ṣe máa ń ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ọ̀rọ̀ kà. Ọwọ́ náà dúró lókè. Nígbà tó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, fìlà orí rẹ̀ ló fi ṣí.

Ìyá mi parí rẹ̀. Ó ní, "Ṣé mo kà á dáadáa?"

"Dáadáa ni," ni Bàbá wí. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló wà níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ká bébà náà, ó fi sábẹ́ aṣọ àyà rẹ̀. Nígbà tí mo sin Bàbá dé ojú ọ̀nà, kò wò mí. Ó ní, "Padà lọ sí Savalou lọ́la. Ṣí ti ìyá rẹ, kí o dá ẹkún wọn padà síbẹ̀ kí a tó tẹ ìwé náà." Mo ní, "Bàbá, ṣé kí èmi fọwọ́ kan iṣẹ́ yín?" Ó ní, "Iṣẹ́ ta ni?"

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù àna rẹ̀, mo ṣí fáìlì ìyá mi. Mo pa "sinmi" rẹ́, mo kọ "sunkún" sípò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò bi mí léèrè ẹni tí mo jẹ́.